Ẹ Rìnrìn Àjò, Ṣùgbọ́n Ẹ Kí Onílé

   

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ìgbafẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ti àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dubai. Tiwọn yàtọ̀. Àwa tí a wà nílé níbí ni mo ń bá wí: ẹni tó ń gbé Èkó tó ní òun fẹ́ lọ najú ní Òṣogbo, ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo omi tó ń já láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó ti Àbújá wá wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun rere ni wọ́n ṣe. Ọmọ tí kò mọ ilẹ̀ baba rẹ̀, ilẹ̀ onílẹ̀ ni yóò máa yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà ná owó ìrìn àjò náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Ìkòròdú kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta wá síbi ọdún Ọ̀ṣun. Ilé mi kò jìnnà sí Òṣogbo, nítorí náà ó yà kí mi nígbà tó ń padà lọ. Bó ti dọ̀bálẹ̀ tó dìde ló ti ń ráhùn. Ó ní, "Bàbá, owó ti tán pátápátá. Òṣogbo wọ́n o!"

Mo ní kó jókòó. Mo bi í pé, "Èló lo ná?"

Ó ṣírò, ó ní ó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà.

Ìyàwó mi ti gbé ẹ̀pà síwájú wa. Mo ka ogún hóró sórí tábìlì. Mo ní, "Hóró kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Pín in bí o ṣe ná an."

Ó kọ́kọ́ yọ márùn-ún fún epo ọkọ̀, àlọ àti àbọ̀. Ó yọ mẹ́fà fún òtẹ́ẹ̀lì, nítorí wọ́n sun oorun ọjọ́ mẹ́ta, yàrá méjì ni wọ́n sì gbà. Ó yọ mẹ́rin fún aṣọ, torí ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo ilé gbọ́dọ̀ wọ aṣọ kan náà nínú fọ́tò. Ó yọ mẹ́ta fún ọtí, mínírà àti ẹran sísun. Ó yọ ọ̀kan fún àwọn tó ń gbowó ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí àti àwọn ọmọ tó ń dínà mọ́ni. Ọ̀kan tó kù bá dátà fóònù àti owó ẹnu ọ̀nà lọ.

Mo ní, "Ó dáa. Nísinsin yìí, fi èyí tó bọ́ sọ́wọ́ ará Òṣogbo sápá kan."

Ó wò mí. A jọ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. Owó epo kò dúró sí Òṣogbo. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì ń gbé Èkó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti àwọn tó ń se oúnjẹ ibẹ̀ jẹ́ ọmọ àdúgbò, nítorí náà a yọ hóró kan fún wọn. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ni ọtí àti mínírà, ṣùgbọ́n ìyá tó tà á rí èrè díẹ̀, ẹni tó sun ẹran náà rí tirẹ̀, a yọ hóró kan. Owó ẹnu ọ̀nà, a fún un ní ààbọ̀. Ó bi mí pé, àwọn ọmọ tó dínà ńkọ́? Mo ní ìyẹn kì í ṣe òwò. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a parí, hóró méjì àti ààbọ̀ ló wà lápá Òṣogbo. Nínú ogún! Ìṣirò orí tábìlì ni o, kì í ṣe ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó dá a wò pẹ̀lú ìrìn àjò tirẹ̀, kó wò ó bóyá yóò jùyẹn lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti aṣọ. Hóró mẹ́rin! Aṣọ tí wọ́n tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n rà ní Èkó, ni wọ́n wọ̀ wá sí Òṣogbo, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú aró. Àwọn ìyá tó ń rẹ àdìrẹ wà níbẹ̀, ọmọ mi kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn nínú ọkọ̀, kò yà.

Èyí tó tẹ̀ lé e tún burú ju owó lọ. Ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà, bi mí pé, "Bàbá àgbà, kí ló wà nínú igbá tí ẹ̀gbọ́n yẹn gbé, tí kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀?" Arugbá ló ń wí. Mo wo baba rẹ̀, baba rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ti ná ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà, ó ti ya fọ́tò tí n kò lè kà, kò sì rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sọ fún ọmọ rẹ̀ nípa ohun tí wọ́n wá wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ifá ṣe rí ọ̀rọ̀ yìí sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ìrìn àjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àìmọye ẹsẹ Ifá ló ń sọ ìtàn ẹni tó fẹ́ lọ sí ìlú kan, tó lọ ṣàyẹ̀wò, tí wọ́n sì ní kó rúbọ kó tó gbéra. Àwọn kan rú u, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Àwọn kan kọ etí ikún sí i, ojú wọn rí nǹkan.

Kí wá ni ẹbọ? Ẹbọ kì í ṣe ìfowóṣòfò bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti babaláwo rí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹran ẹbọ ló ń wọ igbó. Èṣù gba tirẹ̀, òrìṣà gba tirẹ̀, ará ilé jẹ, aládùúgbò jẹ, àlejò tó yà náà jẹ. Ẹnu tó jẹ níbẹ̀ ló ń ṣe àṣẹ pé kó fín, kó dà. Ẹbọ tí ẹnì kan ṣoṣo dá jẹ, kò tíì di ẹbọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni owó ìrìn àjò rí lójú mi. Bí o bá lọ sí ìlú kan, tí owó rẹ kọjá lórí ìlú náà bí ẹyẹ ṣe ń fò kọjá lórí òrùlé, o kò tíì bẹ ìlú náà wò. Bí ó bá kan ìyá tó ń ta èkuru, tó kan ọmọ tó ń gbẹ́ igi, tó kan àgbà tó mọ ìtàn ibẹ̀, nígbà náà ni ìrìn àjò rẹ dà.

Àwọn baba wa mọ èyí. Wọ́n rìn ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ wo orúkọ tí a fún ọdún àwọn Mùsùlùmí wa: Iléyá. Ilé yá ni. Àkókò tó láti wálé ni. Ọ̀pọ̀ nínú ìrìn àjò tí à ń rìn nílẹ̀ yìí títí dòní, ọ̀rọ̀ ilé ló wà nídìí rẹ̀: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ọdún ìbílẹ̀, ọdún Kérésìmesì. Láyé ìjọ́un, ẹni tó bá sì ń lọ kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Bó bá dé, a kọ́kọ́ kí baálé, a sọ ẹni tó jẹ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún wo òsì.

Èmi náà rántí ìrìn ìgbafẹ́ mi àkọ́kọ́. Ní 1977 ni, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn tíṣà kó wa sínú bọ́ọ̀sì, ó di Abẹ́òkúta, a lọ wo Òkè Olúmọ. Náírà méjì ni ìyá mi fún mi. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ ará ibẹ̀ ló mú wa gun òkè náà. Ó fi ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun hàn wá, ó sọ ìtàn Ṣódẹkẹ́ títí ẹnu wa fi là. Kó tó mú wa gòkè, ó ní kí a dákẹ́, ó kí òkè náà bí ẹni ń kí àgbà. Tíṣà wa, tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà a sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìtòkú, mo ra àdìrẹ kékeré kan fún ìyá mi, mo ra mọ́ínmọ́ín jẹ. Ìyá mi lo aṣọ náà títí ó fi gbó. Nínú náírà méjì mi, kò sí kọ́bọ̀ tí kò bọ́ sọ́wọ́ ará Abẹ́òkúta. Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ bàbá náà títí dòní.

Ẹ óò sọ pé ayé ìgbà náà kọ́ nìyí. Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo ń jẹ owó ìrìn àjò kí èèyàn tó kúrò nílé rárá. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ ká ronú. Bí owó bá kéré, ṣé aṣọ kan náà fún fọ́tò ló yẹ kó gba hóró mẹ́rin nínú rẹ̀? Ẹ̀yin márùn-ún tí ẹ wà nínú ọgbà kan, ṣé ẹ kò lè jọ háyà bọ́ọ̀sì kan dípò mọ́tò márùn-ún? Ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn láti 2021, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ẹ fi ọkọ̀ sílé, ẹ wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ yín yóò tún gbádùn rẹ̀ ju kí wọ́n há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ.

Kò sì sí ibi tí àṣejù yìí ti hàn tó oṣù Ọ̀pẹ. Àwọn ọmọ wa láti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà á kún Èkó, wọ́n á máa ná owó ilẹ̀ òkèèrè. Kò burú, owó wọn ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbowó oṣù náírà nílé níbí á ní àwọn náà kò ní gbẹ́yìn, wọ́n á máa bá wọn díje lórí tábìlì ọtí. Lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, lẹ́yìn àlejò la ti ń san án. Tó bá di oṣù Ṣẹ́rẹ́, owó ilé ìwé ọmọ á di ọ̀ràn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Òṣogbo, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Igbó Ọ̀ṣun tí ẹ ń rí yẹn, ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Kì í ṣe pé ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Àkókò kan wà tí wọ́n ń gé igi rẹ̀, tí àwọn ojúbọ ń wó. Àwọn olùsìn, àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà, àti Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló dìde dúró. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún ojúbọ kọ́, wọ́n mọ ère, wọ́n bá àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ jà. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ní 2009 ni Àdùnní papò dà. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Bí àlejò kò bá ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, ta ni yóò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́la? Ta ni yóò tún ère ṣe bí òjò bá fọ́ ọ?

Àwọn ọmọ wa láti Bùràsíìlì, Kúbà àti Amẹ́ríkà máa ń wá sí Òṣogbo, wọ́n sì máa ń wá sí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ifẹ̀ ní oṣù kẹfà fún ọdún Ifá. Mo ti gba àlejò nínú wọn. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á béèrè orúkọ ewé, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí omi òkun gbà lọ́wọ́ wa láti ọdún gbọ́ọ́rọ́ ń béèrè ọ̀nà ilé, àwa tí a kò jìnnà ju wákàtí mélòó kan lọ kàn ń béèrè ibi tí iná ti dára fún fọ́tò. Ojú ń tì mí.

N kò sọ pé kí Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì wá bọ Ọ̀ṣun. Ẹ̀sìn kì í ṣe tipátipá lọ́dọ̀ wa. Ohun tí mo ń béèrè kò ju ọ̀wọ̀ lọ, irú èyí tí tíṣà mi ṣe ní Olúmọ ní 1977. Bí wọ́n bá ní kí o má pẹja nínú odò yẹn, má pa á. Bí wọ́n bá ní ibi báyìí kò ṣeé yà ní fọ́tò, fi fóònù sápò.

Omi Ọ̀ṣun alára ń ké. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni omi náà ti pọ́n bí omi amọ̀, nítorí àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ lókè odò. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ rò ó wò: omi tí àwọn ìyá wa ń pọn fún ìwòsàn ọmọ! Ẹni tó ń wa wúrà ló jẹ̀bi jù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ọdún, ẹ lọ wo etí odò, ẹ wo ọ̀rá omi, ẹ wo ike mínírà. Ta ló gbé wọn wá? Àlejò ni. Omi kò lọ́tàá, àwa la ń fi ara wa ṣe ọ̀tá rẹ̀. Bí ìgbafẹ́ wa kò bá fi nǹkan kún odò náà, kó má tún bà á jẹ́.

Mo ti bá àlejò wí tó. Ó kù mí ku àwa onílé, torí bí a bá ń ṣe òótọ́, ẹ̀bi wà lọ́rùn wa. Mo lọ sí ibì kan nílẹ̀ wa ní ọdún méjì sẹ́yìn, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo rìn díẹ̀, àwọn kan tún gbà á. Mo dé òkè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní owó ìtàn kù. Mo san án. Ìtàn tó sọ fún mi, irọ́ pọ́ńbélé ni. Mo ti mọ ìtàn náà kí wọ́n tó bí i. Èmi tí mo jẹ́ awo nìyẹn o! Kí ni ojú àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá yóò rí? Àwọn awo ẹlẹgbẹ́ mi kan náà wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí mọ́tò ńlá, ẹbọ á di ràgàjì lójijì. Ifá kò rán wa ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí onílé bá ń rẹ́ àlejò jẹ, kí ló dé tí àlejò kò ní gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá láti Èkó?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Bí o bá ń ṣètò ìrìn àjò, yọ ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ sọ́tọ̀ kí o tó ra epo, kó jẹ́ ti ará ibi tí ò ń lọ: oúnjẹ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ẹni tí yóò mú ọ rìn. Jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òkè Ìdànrè tó ní àtẹ̀gùn 682 lò ń gùn, fún ẹni tó mú ọ gòkè ní owó tó tọ́, má ná an ní ọjà bí ẹni ń ra tòmátì. Bi àgbà kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo níwájú àwọn ọmọ rẹ, kí wọ́n lè rí bí a ṣe ń béèrè. Ìdọ̀tí tí o bá gbé wá, gbé e padà.

Má sì lọ ní ọjọ́ tí gbogbo ayé ń lọ nìkan. Ọdún Ọ̀ṣun kì í ṣe ọjọ́ kan. Ìwọ́pópó wà níbẹ̀rẹ̀, alẹ́ tí wọ́n ń tan Iná Olójúmẹ́rìndínlógún wà, Ìborí Adé wà, kó tó kan ọjọ́ tí Arugbá ń gbé igbá lọ sódò. Èrò kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọjọ́ ìṣáájú, èèyàn sì ráyè bi ẹni tó mọ̀ ní ìbéèrè. Igbó náà kò sì kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Ìyá tó ń rẹ àdìrẹ ní oṣù kẹjọ, ó ń rẹ ẹ́ ní oṣù kejì pẹ̀lú, ebi sì ń pa á nígbà méjèèjì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní àwọn ń bọ̀ lọ́dún yìí, àbíkẹ́yìn rẹ̀ kò jẹ́ kí òun gbádùn. Alẹ́ iná ni wọ́n fẹ́ wá wò. Mo ní kó má san owó òtẹ́ẹ̀lì, ẹní wà nílé mi. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ má ra aṣọ ní Èkó. Mo ti bá ìyá aláró kan sọ̀rọ̀, wọ́n máa wọn ara wọn níbí. Nípa ohun tó wà nínú igbá, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí fóònù. Kó mú ọmọ náà wá.

Kí Elédùmarè má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa kọ níbi tí ire wà. Kí onílé má kọ̀ wá, kí ọ̀nà má nà wá. Àṣẹ.